Àádọ́rin Máàkì Dìjà

Bí ọmọ ẹni bá gba 70 nínú kọ́ọ̀sì kan ní yunifásítì wa ní Adó-Èkìtì níbí, A ni. Ìyá rẹ̀ á máa kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, bàbá rẹ̀ á pe àbúrò tó wà l'Ékòó lórí fóònù, kódà bí ọmọ náà kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ṣùgbọ́n kí géèmù tuntun gba 70 lọ́wọ́ àwọn lámèyítọ́, ilé ti dàrú nìyẹn. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ á fárígá. Wọ́n á ní wọ́n ti fowó di àwọn lámèyítọ́ lẹ́nu, wọ́n á ní wọn ò mọ géèmù í gbá, wọ́n á ní ẹni tó kọ̀wé náà kò tilẹ̀ gbá a parí. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ náà á gbé nọ́ḿbà yẹn káàkiri, wọ́n á máa fi yọ ṣùtì sí wọn.

Ibi tí wọ́n ti ka máàkì sí ni mo ti wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n máa ń fi àwa Èkìtì ṣeré pé agbo ilé tí kò bá ti ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan, kí wọ́n lọ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, bóyá àlejò ni wọ́n. Èmi ò sì ní kí olólùfẹ́ géèmù má bá lámèyítọ́ jà o. Ìjà náà dùn, ó sì wúlò. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé orí nọ́ḿbà la ti ń jà á, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa kò tíì fọwọ́ kan géèmù ọ̀hún rárá. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí géèmù Hollow Knight: Silksong jáde, ni mo rí i tí ìjà náà gba ojú ọ̀nà, ohun tó sì fà á kò jẹ mọ́ pé orí àwọn èèyàn ṣàdédé pé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nọ́ḿbà náà ṣe ń dé. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣí ìkànnì Metacritic. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó ṣa máàkì tí àwọn ilé ìròyìn lóríṣiríṣi fún géèmù kan jọ, kí ó ṣírò wọn pọ̀, kí ó sì kọ nọ́ḿbà kan ṣoṣo síta. Bí nọ́ḿbà náà bá tó 75, àwọ̀ ewé ni wọ́n ń fi sí i. Láti 50 dé 74, yẹ́lò. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ 50, pupa. Wọn kì í ka gbogbo ilé ìròyìn sí bákan náà, ohùn àwọn kan wúwo ju ti àwọn mìíràn lọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ará ìta mọ bí wọ́n ṣe wọ̀n wọ́n. Ẹni tó bá ti jókòó ìdánwò WAEC rí á rántí pé orí 75 ni A1 náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú WAEC, ẹni tó gba 55 ní C rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lè bá a wọ yunifásítì. Nínú géèmù, 55 ti kú. Níbi tí wọ́n ti ń ka máàkì lé mẹ́wàá, láti 1 dé 5 kò níṣẹ́ kankan tí wọ́n ń ṣe mọ́, 6 jẹ́ èébú, 7 ni wọ́n ń fún géèmù tí kò dára tí kò burú. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Níbi géèmù, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà náà ni gbogbo ìjà wà.

Kì í sì í ṣe ẹnu lásán. Nọ́ḿbà náà ń pa owó fún àwọn kan, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Obsidian ṣe géèmù Fallout: New Vegas ní 2010, àdéhùn wà pé wọ́n á gba owó àjẹmọ́nú bí géèmù náà bá gba 85 ní Metacritic. 84 ló gbà. Máàkì kan ṣoṣo! Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ géèmù náà ló la ọ̀rọ̀ yẹn sójú táyé ní 2012. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni mi ò ti fi àwọn olólùfẹ́ tó ń ka máàkì bí ẹní ń ka èsì ìbò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Wọ́n mọ̀ pé bí nọ́ḿbà náà bá já wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kí apá kejì géèmù tí wọ́n fẹ́ràn má wáyé láéláé.

Ilé géèmù kan wà lójú ọ̀nà Ìwòròkò tí mo máa ń yà sí bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Bọ́ọ̀lù ló ń mówó wọlé níbẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n méjì nínú mẹ́ta, bọ́ọ̀lù ni láàárọ̀ ṣúlẹ̀, pẹ̀lú ariwo, pẹ̀lú "ọ̀gá, páàdì yìí kò gbọ́". Ẹ̀kẹta, tó wà ní igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn rẹ̀, ni àwọn tí kò fẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń lò. Ibẹ̀ ni a ti ń gbá géèmù fífò, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní platform: ẹni inú rẹ̀ á sáré, á fò láti orí pèpéle kan bọ́ sórí òmíràn, bó bá ṣìṣe, ó ti bọ́ sí kòtò. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í dà á láàmú. "Mario" ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Bí Sonic ni, Mario ni. Bí Crash Bandicoot ni, Mario ni. Mo ti gbọ́ tí ọmọkùnrin kan ní kí wọ́n bá òun fi "Mario tó ní ẹ̀gún lórí" sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ póli kan wà níbẹ̀ tí Sonic ti wọ̀ lẹ́jẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó gbàgbé oúnjẹ, ẹ sọ pé Sonic Frontiers kò dára. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bọ̀dá, ẹ wo ohun tí wọ́n fún un. Ẹ̀yin ẹ wò ó o!"

Mo bi í pé, "Ṣé o ti gbá a?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n mo ti wo gbogbo ẹ̀ tán ní YouTube."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Bí dọ́là kan bá jẹ́ ₦1,500, géèmù $60 di ₦90,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà láti 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó oṣù rẹ̀ ra Sonic, owó náà á tán, gbèsè á sì tún kù. Nítorí náà, ní ọ̀dọ̀ tiwa, ohun tó ń tètè dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ lára géèmù tuntun ni máàkì rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni máàkì. Ó ń dé lọ́jọ́ tí àṣẹ pé kí àwọn lámèyítọ́ tó ti gba géèmù ṣáájú ṣì dákẹ́ bá parí, kí géèmù fúnra rẹ̀ tó jáde. Bí a kò bá rí ọbẹ̀ tọ́ wò, òórùn rẹ̀ la ó máa bá ara wa jiyàn lé lórí, títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọmọkùnrin náà ní ẹ̀jọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ ìtàn Sonic, ẹ ó rò pé orí ń ta àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ni. Ọdún 1991 ni ilé iṣẹ́ Sega gbé e jáde. Ní 2006, nígbà tí ó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sáré ti èyí tó yẹ kí ó jẹ́ ti àjọ̀dún jáde kí Kérésì tó dé, kò jinná. Géèmù náà ń kọsẹ̀, ó ń há sára ògiri, ó ń pẹ́ kí ó tó ṣí. Àwọn lámèyítọ́ bú u, àwọn olólùfẹ́ náà bú u, ìyẹn ni ọ̀kan nínú ìgbà tí ẹnu wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tó wá di 2017, Sonic Mania jáde. Christian Whitehead, ará Ọsirélíà tó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún Sonic kọ́ nítorí ìfẹ́ kí Sega tó gbà á síṣẹ́, ló ṣáájú àwọn tó ṣe é, gbogbo ayé sì yìn ín. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ rí kọ́ níbẹ̀ kò ní í tán lára wọn: pé àwọn mọ Sonic ju ẹni tó ni ín lọ.

Ẹ wá wo bí Frontiers ṣe dé ní oṣù Kọkànlá 2022. Àwọn lámèyítọ́ ní pápá rẹ̀ tẹ́jú jù, ní irin àti pèpéle tó yẹ kí èèyàn ti rí lókèèrè ń ṣàdédé yọ síni lójú, ní nǹkan inú rẹ̀ kò bára mu. Máàkì rẹ̀ kò jìnnà sí 70. Àwọn olólùfẹ́ ní, ẹ gbọ́, ṣé ẹ ti sáré nínú rẹ̀? Ṣé ẹ ti rí i bí ó ṣe rí kí èèyàn máa sáré lórí pápá láìsí ẹni tó máa dá a dúró, kí orin máa yí padà bí ọ̀gá ọ̀tá ṣe ń dìde? Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló jóòótọ́. Irin ń ṣàdédé yọ lóòótọ́. Eré náà sì dùn ún sá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti ro méjèèjì pọ̀ di 70 àti díẹ̀, kò sí ẹni tó lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì mọ́, ohun tó wá kù láti jà lé lórí ni pé ṣé ó yẹ kó jẹ́ 80.

(Àwọn olólùfẹ́ yìí kan náà ló ní ọwọ́ àwọn lámèyítọ́ kò yá. Nígbà tí Sega fi àfikún ìkẹyìn sí Frontiers ní oṣù Kẹsàn-án 2023, tí ó ní ilé gogoro gíga tí èèyàn gbọ́dọ̀ gùn, ta ló kígbe pé ó le jù? Mo kàn ń sọ tèmi ni.)

Ohun kan wà nínú géèmù fífò tí kò sí nínú àwọn géèmù yòókù, òun ló sì mú kí ìjà tirẹ̀ gbóná jù: ọwọ́ ló ń dá a lẹ́jọ́, ojú kọ́. Nínú Super Mario Bros. ti 1985, bí ẹ bá kan tẹ bọ́tìnnì fífò kí ẹ sì jú u sílẹ̀, Mario á ta pọ́n díẹ̀. Bí ẹ bá dì í mú, á lọ sókè dáadáa. Bí ó bá ń sáré tẹ́lẹ̀, fífò rẹ̀ á jìnnà sí i. Ẹ lè yí i nínú afẹ́fẹ́, kí ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí ó má baà kọjá ibi tí ẹ fẹ́ kí ó bà sí. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wa ní gbogbo èyí lórí ẹ̀rọ géèmù Terminator tí wọ́n ń ta nígbà náà, tí kàséètì rẹ̀ yẹ́lò, tí a máa ń fẹnu fẹ́ eruku kúrò nínú rẹ̀. Àtàǹpàkò ló kọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó sì di 2018 tí Celeste jáde, àwọn tó ṣe é la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀: bí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin inú rẹ̀ bá ti kúrò ní etí àpáta, géèmù náà ṣì ń gbà fún un fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tín-ín-rín kan láti fò. Bí ẹ bá sì tẹ bọ́tìnnì díẹ̀ ṣáájú kí ó tó balẹ̀, á rántí, á fò nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kanlẹ̀. Àánú ni wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀. Ojú kò lè rí i. Ẹni tó wò ó ní YouTube kò lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lámèyítọ́ tó bá mọ̀ ọ́n lára pàápàá á jìyà kí ó tó rí ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́, ìgbẹ̀yìn rẹ̀, á kọ pé "fífò rẹ̀ dán mọ́rán", á sì fún un ní 9.

Nítorí náà, nígbà tí olólùfẹ́ bá ní "ẹ kò mọ̀ ọ́n gbá", ohun tó ń sọ ni pé ọwọ́ tiyín kò tíì gbọ́ ohun tí ọwọ́ tèmi gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ ni. Àṣejù ló máa ń wọ̀ ọ́. Kí Cuphead tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2017, oníròyìn ará Amẹ́ríkà kan gbé fídíò ara rẹ̀ síta níbi tó ti ń gbá a, ó sì jìyà kí ó tó kọjá ibi tí géèmù náà ti ń kọ́ni bí a ṣe ń fò kí a sì ta ara ẹni síwájú. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dé ibi pé àwọn kan ní gbogbo lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ọwọ́ kí wọ́n tó kọ̀wé. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Ọ̀pọ̀ nínú ẹni tó máa ra Cuphead kò mọ̀ ọ́n gbá náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, tó sì lè jókòó ṣàlàyé ibi tó ti há àti ohun tó dé tó fi há, ó wúlò fún mi ju akọni tó parí rẹ̀ láàárín alẹ́ kan tó ní kò le. Ẹ kúkú bi ẹni tó kọ́kọ́ gun òkè Olósùnta n'Ìkéré lónìí nípa ọ̀nà ibẹ̀, á sọ gbogbo òkúta tó yọ̀ fún yín. Ẹni tó ń gùn ún lọ́dọọdún á ní "ẹ ṣáà máa gòkè".

Silksong wá dé.

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, Hollow Knight jáde ní 2017 láti ọwọ́ Team Cherry, àwọn èèyàn kéréje kan ní Adelaide ní Ọsirélíà. Silksong ni ìtẹ̀síwájú rẹ̀. Ọdún 2019 ni wọ́n kéde rẹ̀, kò sì jáde títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi di àwàdà lẹ́nu gbogbo ayé. Lójijì, ní oṣù Kẹjọ 2025, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Iye rẹ̀, $20. Wọ́n wá ṣe ohun kan tí kò wọ́pọ̀: wọn kò fún lámèyítọ́ kankan ní géèmù náà ṣáájú. Wọ́n ní kò tọ́ kí àwọn oníròyìn máa gbá a nígbà tí àwọn tó ti dá owó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì ń dúró.

Aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án, ni ó jáde ní àkókò tiwa. Èrò pọ̀ dé ibi pé Steam, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dákú, ti Nintendo àti ti PlayStation kò sì rọgbọ. Lórí Steam nìkan, àwọn tó ń gbá a lẹ́ẹ̀kan náà lé ní 500,000. Ní ọ̀nà Ìwòròkò, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti yunifásítì Ọ̀yẹ́ ló gbé e dé sínú láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Kánádà ló rà á fún un. Ọ̀gá ilé géèmù bá a fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n igun yẹn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú, kí ó tò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn: kò sí nọ́ḿbà. Ẹnikẹ́ni tó fẹ́ jà ní láti kọ́kọ́ kú nínú géèmù náà ná.

Wọ́n sì kú. Hornet, ọmọbìnrin tó ni eré náà, ní ìbòjú márùn-ún níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹ̀mí rẹ̀. Nínú Hollow Knight àkọ́kọ́, ìbòjú kan ni ọ̀pọ̀ ọ̀tá máa ń já gbà lẹ́ẹ̀kan. Níbí, àwọn ọ̀gá ọ̀tá àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré pàápàá ń já méjì. Méjì, mẹ́rin, ìlù kẹta, ó ti kú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ gún ìsàlẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, kì í lọ tààrà bíi ti àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ibì kan sì wà tó jẹ́ pé orí àwọn òdòdó lẹ máa ti máa ta lọ láti ọ̀kan dé òmíràn, ẹ̀gún ló wà nísàlẹ̀. Mo wo akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ yẹn níbẹ̀. Ó mọ Hollow Knight àkọ́kọ́ dójú àmì, ìyẹn gan-an ló sì ń pa á. Bó bá ti dé òkè òdòdó, àtàǹpàkò rẹ̀ á ti tẹ̀ ẹ́ kí orí rẹ̀ tó rántí pé ó yẹ kí òun ti sún sẹ́yìn díẹ̀. Ó ń ṣubú, ó ń pòṣé. Ọmọ kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò gbá ti àkọ́kọ́ rí, gba páàdì, ó sì kọjá. Gbogbo ilé hó yèè.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀ dé orí. Ẹnì kan ní ìlù méjì yẹn, ìwà ìkà ni. Ẹnì kejì ní rárá, ìgbà tí Hornet bá wo ara rẹ̀ sàn, ìbòjú mẹ́ta ló ń gbà padà lẹ́ẹ̀kan, ìṣirò náà bára mu. Ẹni àkọ́kọ́ ní ìṣirò ọ̀gá ọ̀tá ni ìyẹn, kí ló dé tí kòkòrò lásán náà fi ń já méjì? Ẹnì kẹta ní òun kò bá ọ̀tá kankan jà, bẹ́ǹṣì ni òun ń bá jà: ibi tí èèyàn ti ń sinmi, tí géèmù ti ń rántí ibi tí a dé, jìnnà síra, àwọn kan sì ń gba ìlẹ̀kẹ̀ tí í ṣe owó inú géèmù náà kí wọ́n tó ṣí. Bí ọ̀gá ọ̀tá tí wọ́n ń pè ní Last Judge bá pa yín, ọ̀nà tó jìn tó kún fún ọ̀tá lẹ ó tún gbà padà. Bí ẹ bá sì pa á tán, ó ń bú gbàù. Bí ẹ bá dúró síwájú rẹ̀ láti yọ̀, ó lè bá yín lọ. Kò sí ẹni tó mẹ́nu ba máàkì jálẹ̀ ọjọ́ yẹn. Ohun tó wà nínú géèmù náà ni wọ́n ń sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rí ọwọ́ ara wọn.

Nígbà tí àwọn lámèyítọ́ fi máa kọ tiwọn síta lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, 90 kọjá ni wọ́n ń fún un, ọ̀rọ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn tó ń jiyàn ní igun yẹn mu: ó dára, ó le, ìrìn àpadàbọ̀ rẹ̀ ń tánni ní sùúrù. Team Cherry náà gbọ́. Nínú àtúnṣe àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, wọ́n rọ ọ̀gá ọ̀tá méjì kan nínú àwọn tó wà lápá ìbẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì dín owó bẹ́ǹṣì kù láàárín eré náà. Kíákíá ni àwọn mìíràn fárígá pé wọ́n ti ba adùn rẹ̀ jẹ́. A kò lè tẹ́ olólùfẹ́ lọ́rùn, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú ẹ̀.

Ohun tó mú mi ronú jù lọ ni ti àwọn ará Ṣáínà. Ní gbogbo àgbáyé, wọ́n ń yìn ín lórí Steam. Ní èdè Ṣáínà, ìbínú ló pọ̀ jù ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n ṣe sí èdè wọn kò dára, wọ́n ní ó ń dún bí ewì àtijọ́ tí ẹnu kò lè sọ, Team Cherry sì ṣèlérí pé àwọn á tún un ṣe. Ẹ wò ó, kò sí lámèyítọ́ kan tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé tó lè rí àbùkù yẹn, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó. Nínú 90 kọjá tí wọ́n fún un, kò sí i níbẹ̀. Àwọn tó ń lò ó nìkan ló lè sọ ọ́.

Àwa náà ní tiwa tí kò sí nínú máàkì kankan. Mi ò tíì ka lámèyítọ́ kan tó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ. Ẹni tó ń kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù kò ní ìdí láti ronú kàn án. Ṣùgbọ́n ní Adó, géèmù tí bẹ́ǹṣì rẹ̀ jìnnà síra jẹ́ géèmù mìíràn pátápátá. Ẹ ti rìn títí, ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá ọ̀tá, iná pá, kí wọ́n tó fa jẹnẹrétọ̀, ẹ ti padà sórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn. Aago ilé géèmù kò sì dúró. Ìrìn àpadàbọ̀ tí ẹni tó ni géèmù rẹ̀ ń pè ní ìnira, owó gan-an ni fún ẹni tó ń sanwó wákàtí. Èmi gbà pé ọ̀gá ọ̀tá Silksong dára, kí ẹnikẹ́ni má rọ̀ wọ́n mọ́. Ìrìn yẹn ni mo kà sí àìka àkókò ẹlòmíràn sí, mi ò sì ní gbà bí wọ́n bá sọ fún mi pé ara iṣẹ́ ọnà ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní mo ń fi ojú ìfẹ́ wò ó. Ó ní Silksong lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé gbogbo ayé ti ń retí rẹ̀ àti pé $20 péré ni. Òótọ́ ló sọ. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá fi géèmù $70 pamọ́ fún lámèyítọ́ títí di ọjọ́ tó jáde, ohun tó sábà máa ń túmọ̀ sí ni pé wọ́n mọ̀ pé ọbẹ̀ náà ti jóná. Nígbà tí géèmù Balan Wonderworld jáde ní 2021, ọ̀rọ̀ àwọn lámèyítọ́ àti apá kan rẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ kí èèyàn tọ́ ọ wò ló gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìnáwó. Mi ò ní kí wọ́n dákẹ́. Ilé ìròyìn géèmù kan, Eurogamer, gbìyànjú láti yọ máàkì kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní 2015. Nígbà tó di 2023, wọ́n ti dá a padà, pẹ̀lú ìràwọ̀ márùn-ún. Òǹkàwé fẹ́ nọ́ḿbà. Èmi náà, bí mo bá ń yára, nọ́ḿbà ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ póli yẹn bá tún gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi, ohun tí mo ń sọ fún un báyìí kò ní nọ́ḿbà kankan nínú. Sonic Frontiers: ó tóbi, ó gba ẹ̀rọ tó lágbára, eré rẹ̀ dùn ún sá, irin rẹ̀ ń yọ lójijì, bí o bá rí i ní dọ́là díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ta á ní ẹ̀dínwó, rà á. Silksong: kò tó 10GB, nítorí náà dátà rẹ̀ kò ní pa ọ́, láàpútọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ díẹ̀ lè gbé e, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tó bá ti wọlé, páàdì ni kí o lò, kíbọ́ọ̀dù á fìyà jẹ ọ́. Bí o bá sì ti ń sún mọ́ ọ̀dọ̀ Last Judge, kọ́kọ́ lọ bi ọ̀gá pé báwo ni epo ṣe kù sí nínú jẹnẹrétọ̀.